Ọyẹ́ àti Adìyẹ Ilé: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Àgbẹ̀ Ògbòòrò àti Agbègbè Rẹ̀

Ìwé kékeré yìí kò bá ti iṣu, àgbàdo tàbí kaṣú wá. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ilé ni ó bá wá: adìyẹ mẹ́jọ tàbí méjìlá tí ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá, tí ẹnikẹ́ni kì í kà mọ́ iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òun ni a máa ń tà nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ bá dé lójijì, òun náà sì ni a máa ń pa nígbà tí àlejò pàtàkì bá wọlé tí kò sí ẹran nínú ìṣasùn.

Lọ́dọọdún, láti ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, igbe kan náà ni a máa ń gbọ́ láti agbo ilé dé agbo ilé: “Òtútù ọyẹ́ ti pa adìyẹ mi tán.” A kò sọ pé irọ́ ni àwọn tí ń ké bẹ́ẹ̀ ń pa. Òtútù ń pa adìyẹ lóòótọ́, pàápàá jù lọ òròmọdìyẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a óò rí i pé ẹ̀sùn tí a fi kan òtútù pọ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ohun méjì mìíràn ń bá ọyẹ́ rìn, wọ́n sì ń fi ara pamọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Èkínní ni ilé tí a dí pa nítorí òtútù, tí èéfín àti òórùn ìgbẹ́ inú rẹ̀ sì ń pa èyí tí òtútù ìbá dá sí. Èkejì ni lùkúlùkú, àrùn tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní Newcastle. Èkejì yìí ni ó ń kó adìyẹ lọ jù, òun kan náà sì ni a lè fi owó kékeré dí ọ̀nà mọ́ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹni tí ó bá fi gbogbo agbára bá òtútù jà tí kò sì rántí lùkúlùkú, ilẹ̀kùn iwájú ni ó tì, ó fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu.

IRÚ ÒTÚTÙ TÍ Ń BÁ WA JÀ

Ọyẹ́ jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láti apá àríwá òun ìlà-oòrùn. Eruku tí ó ń gbé bọ̀, tí ó ń mú kí oòrùn òwúrọ̀ dàbí òṣùpá, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ilẹ̀ kòtò ńlá kan tí ń jẹ́ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá wà láyé àtijọ́ kí omi rẹ̀ tó gbẹ. Igi ńláńlá ń gba díẹ̀ lára ọyẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ará ilẹ̀ igbó. Àwa ará ọ̀dàn kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Àárín igi emi àti igi igbá ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà kọjá tààrà wá bá wa. Ní ilẹ̀ bí tiwa, òru lè tutù tó bẹ́ẹ̀ tí òṣùwọ̀n Celsius yóò fi sún mọ́ 15 ní ìdájí, kí ó sì kọjá 32 ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Ìyípadà yìí nìkan tó láti dá adìyẹ lágara. Ẹ wá fi gbígbẹ afẹ́fẹ́ àti eruku kún un. Omi tí ó wà nínú imú àti ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ ni ẹ̀ṣọ́ tí ń mú kòkòrò àìrí kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ọyẹ́ bá gbẹ omi yìí, ẹ̀ṣọ́ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Síbẹ̀, adìyẹ tí ó ti dàgbà kì í ṣe ọ̀lẹ níwájú òtútù. Ooru ara rẹ̀ tó nǹkan bí 41, nígbà tí ti ènìyàn jẹ́ 37. Nígbà tí òtútù bá mú un, a wú ìyẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì há sáàárín ìyẹ́ náà bí ẹni da aṣọ òfì bora. Ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí omi tí a bù fún adìyẹ ti ń di yìnyín gbagidi, àwọn àgbẹ̀ ń sin adìyẹ títí òtútù yóò fi kọjá lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1908, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí ń gbé ilé àwọn mọ́ńkì ní Oka, ní ìpínlẹ̀ Quebec, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdàlù irú adìyẹ títí ó fi rí èyí tí wọ́n ń pè ní Chantecler, tí ògbe orí rẹ̀ kéré púpọ̀ kí yìnyín má baà rí ohun jẹ lára rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ̀, tí ó sì wúlò fún wa níhìn-ín, kò ju èyí lọ: adìyẹ tí ara rẹ̀ gbẹ, tí ìjì kò fẹ́ ẹ ní ẹ̀yìn lóru, tí ó sì ń mí afẹ́fẹ́ mímọ́, lè fara da òtútù tí ó le ju tiwa lọ fíìfíì.

Tiwa yàtọ̀ ní ọ̀nà kan. Láàárín adìyẹ ìbílẹ̀ wa, àwọn kan wà tí ooru ni ara wọn bá mu. Adìyẹ aṣá, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, àti adìyẹ tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, máa ń gbádùn ara wọn nígbà tí oòrùn bá mú tí àwọn yòókù ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà ọyẹ́, àwọn yìí ni òtútù ń kọ́kọ́ bá wí, àti òpìpì pẹ̀lú wọn. Kí ẹ má ṣe tà wọ́n nítorí èyí. Ẹ kàn rí i pé àárín ọ̀wọ́ ni wọ́n ń sùn sí, níbi tí ìjì kò dé.

ILÉ TÍ WỌN YÓÒ WỌ̀ SÍ

Púpọ̀ nínú adìyẹ wa ni kò ní ilé. Orí igi máńgòrò, abẹ́ ìgànná, ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni wọ́n ń wọ̀ sí ní ìrọ̀lẹ́. Adìyẹ tí ó bá sùn sórí igi ní àkókò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ yóò máa la ìyẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ooru tí ó há síbẹ̀ yóò sì máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Oúnjẹ tí ó jẹ ní ọ̀sán ni yóò fi dáná fún ara rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò sì ní ṣẹ́ ohun tí yóò fi sanra tàbí tí yóò fi yé ẹyin kù.

Ẹ kọ́ ilé kékeré fún wọn. Ògiri amọ̀ tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ti tó, kí ó fara ti ògiri ilé yín ní apá gúúsù tàbí ìwọ̀-oòrùn, kí ilé yín fúnra rẹ̀ lè gba ìjì ọyẹ́ sílẹ̀ fún un. Koríko bẹẹrẹ tí àwọn baba wa fi ń bo ilé dára ju páànù lọ fún iṣẹ́ yìí. Páànù a máa tutù lóru tí omi yóò fi máa kán láti ara rẹ̀ sórí adìyẹ ní ìdájí; ní ọ̀sán, a tún máa gbóná bí agbada àkàrà. Bí páànù ni ẹ bá ní, ẹ tẹ́ koríko lé e lórí, kí ẹ sì fi igi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ẹ má sì ṣe dáná nítòsí rẹ̀ rárá, nítorí koríko inú ẹ̀ẹ̀rùn kò mọ iná kékeré yàtọ̀ sí ńlá.

Láàárín orí ògiri àti òrùlé, ní apá tí ìjì kò ti ń wá, ẹ fi àlàfo tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi wáyà tí a hun dí i kí ejò àti ẹranko má baà wọlé. Àlàfo yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yára dí nígbà tí òtútù bá mú, tí wọ́n á fi àpò, páálí àti ẹrẹ̀ dí gbogbo ihò títí ilé yóò fi dàbí ìkòkò tí a dé ní ìdérí. Ẹ dí ìjì mọ́ adìyẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dí èémí mọ́ ọn. Adìyẹ ń mí omi jáde lóru, ìgbẹ́ rẹ̀ náà ń tú ooru olóòórùn jáde; bí méjèèjì kò bá rí ọ̀nà gbà lọ, ilẹ̀ yóò tutù, òórùn yóò máa ta wọ́n lójú àti ní ọ̀nà ọ̀fun, àrùn imú yóò sì wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé yín ti dí jù, ẹ ṣí i ní ìdájí kí adìyẹ tó jáde, kí ẹ lóṣòó títí orí yín yóò fi bá tiwọn dọ́gba, kí ẹ sì mí. Bí ó bá ta yín lójú, ó ti ń ta àwọn náà láti àná.

Ẹ tẹ́ èèpo ẹ̀pà gbígbẹ tàbí pòròpórò àgbàdo tí a gé wẹ́wẹ́ sílẹ̀, kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, kí ẹ sì máa kó ibi tí ó bá tutù dànù. Igi tí wọn yóò máa sùn lé kò gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Kí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyẹ́ àyà adìyẹ yóò fi lè bo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní apá àríwá àti ìlà-oòrùn, ẹ so ẹní tàbí àpò àgbàdo tí a tú kọ́, kí ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí adìyẹ bá wọ̀, kí ẹ sì máa ká a sókè nígbà tí oòrùn bá ràn, nítorí ọ̀sán ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ilé tí a bò. Iṣẹ́ ọmọdé ni èyí, ẹ̀yin náà mọ ọmọ tí kì í gbàgbé nínú ilé yín.

ÒRÒMỌDÌYẸ

Níhìn-ín ni òtútù gan-an ti ń ṣọṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òròmọdìyẹ ń fẹ́ ibi tí òṣùwọ̀n Celsius wà láàárín 32 sí 35, nítorí kò tí ì lè dá ooru ara rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni a óò máa dín in kù ní nǹkan bí 3 lọ́sẹ̀, títí ìyẹ́ yóò fi bò ó ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ fi èyí wé ìdájí wa tí ó jẹ́ 15, ẹ óò sì mọ̀ ìdí tí ọmọ mẹ́wàá fi lè di mẹ́rin láàárín òru méjì.

Ìmọ̀ràn wa àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí adìyẹ pamọ ní àárín ọyẹ́ bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ọjọ́ 21 ni ẹyin ń gbà. Abo adìyẹ tí ó bá sàba láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kọkànlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, inú òtútù ni ọmọ rẹ̀ yóò ti là. Ẹ jẹ ẹyin ìgbà náà tàbí kí ẹ tà á. Owó ẹyin mẹ́wàá tí ó wọ àpò sàn ju òròmọdìyẹ mẹ́wàá tí a gbé dànù lọ. Bákan náà ni fún ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ra òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan láti ìlú ńlá: ẹ jẹ́ kí oṣù kejì parí kí ẹ tó sanwó.

Bí ó bá ti pamọ, ẹ ràn án lọ́wọ́. Abo kan kì í lè fi ìyẹ́ bo ju ọmọ mẹ́wàá sí méjìlá lọ dáadáa. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù síta ni ẹ óò bá ní òkú lówùúrọ̀. Ẹ má ṣe gbé àgò lé orí ilẹ̀ lásán. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi àpò bo ẹ̀gbẹ́ tí ìjì ti ń wá, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyá àti ọmọ wà níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi ràn dáadáa. Ẹ fún wọn ní àgbàdo tàbí ọkà bàbà tí a lọ̀ kúnná, àti ikán, kí wọ́n tó jáde. Ìyá tí ebi ń pa yóò fi ọmọ sílẹ̀ nínú òtútù láti lọ wá oúnjẹ.

Ẹni tí ó ní òròmọdìyẹ 50 tí kò ní ìyá, kí ó ká ẹní róbótó kí ó má baà sí igun tí wọn yóò kó ara wọn jọ sí, kí ó sì gbé lọ́ńtà sí àárín lábẹ́ ìkòkò tí a dá ihò sí lára. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọ náà ni yóò máa kọ́ yín. Bí wọ́n bá kó ara wọn jọ gìdìgìdì mọ́ ìdí ìkòkò tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí i tí wọ́n ya ẹnu, ooru pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá lọ sí apá kan ṣoṣo, ìjì ń gba ibì kan wọlé lápá kejì. Ẹ lọ wá ihò náà. Bí wọ́n bá tàn káàkiri tí wọ́n dákẹ́, ẹ lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ èédú ni a kò ní fi ọ̀wọ̀ sọ. Ilẹ̀ èédú ni Òkè-Ògùn, ó sì rọrùn fún wa láti gbé àdògán èédú sínú yàrá tí òròmọdìyẹ wà kí a sì ti ilẹ̀kùn. A máa ń rò pé èédú tí ó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, kò léwu. Òun gan-an ni ó léwu. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń ti ara rẹ̀ jáde tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń pa òròmọdìyẹ láìsí àmì kankan, ó sì ń pa ènìyàn tí ó bá sùn sínú yàrá náà pẹ̀lú wọn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀ lára ẹni tí kò tí ì sùn. Ẹni tí ó ti sùn kì í jí láti rí àmì kankan. Dípò èyí, ẹ se omi, ẹ bù ú sínú ìkòkò amọ̀ tàbí kẹ́ẹ̀gì tí ó lè gba ooru, ẹ dé e pinpin, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì gbé e sáàárín wọn. Ìkòkò amọ̀ ńlá a máa pa ooru mọ́ fún wákàtí púpọ̀. Ẹ pààrọ̀ omi náà kí ẹ tó sùn, àti nígbà tí àkùkọ àkọ́kọ́ bá kọ.

OÚNJẸ ÀTI OMI

Ẹ fún àwọn àgbà adìyẹ ní ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo tàbí ọkà bàbà ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọ̀, nítorí ọkà tí ń dà nínú wọn lóru ń mú ara gbóná. Omi ni ó ṣòro jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun sì ni a ń gbàgbé jù. Adìyẹ a máa mu omi tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n oúnjẹ tí ó jẹ. Ẹ bu omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wọn lówùúrọ̀, kí ẹ sì da èyí tí eruku bá ti bò nù ní ọ̀sán.

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ní ti òógùn, adìyẹ kì í làágùn rárá, nítorí kò ní ihò òógùn lára. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tí ìyẹ́ ń bò mọ́lẹ̀, òótọ́ ni òwe náà. Nínú ọyẹ́ tí adìyẹ wú ìyẹ́ rẹ̀, èyí tí ó ti rù kan egungun ń dàbí èyí tí ó sanra. Ẹ máa gbé wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ wá egungun àyà wọn. Bí ó bá mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ẹ fi kún oúnjẹ rẹ̀, tàbí kí ẹ tà á kí ó tó kú.

LÙKÚLÙKÚ

Ní nǹkan bí ọdún 1926 ni àrùn yìí bẹ́ sílẹ̀ ní erékùṣù Java ní Indonéṣíà àti ní ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti gba orúkọ. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí ó jà láàárín oṣù kejìlá ọdún 1952 àti oṣù kejì ọdún 1953. Ẹ wo àwọn oṣù náà dáadáa: oṣù ọyẹ́ ni wọ́n. Láti ìgbà náà wá, àkókò yìí kan náà ni ó ń jà jù. Kòkòrò rẹ̀ ń pẹ́ láyé nínú òtútù ju inú ooru lọ. Ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ ti gbẹ. Ara rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó tóbi jù, lójú tiwa, wà ní ọwọ́ ènìyàn. Oṣù Kérésìmesì àti ọdún tuntun ni a ń ta adìyẹ jù. A ń kó wọn láti abúlé dé abúlé, a ń dì wọ́n sẹ́yìn alùpùpù àti sórí mọ́tò, a ń kó ti ilé ogún pọ̀ sínú àgò kan ní ọjà. Èyí tí a kò rí tà, a tún gbé e padà wálé ní ìrọ̀lẹ́. Adìyẹ tí ó ti ọjà padà yìí ni ó sábà ń mú lùkúlùkú wọ agbo ilé.

Àmì rẹ̀ kì í pẹ́ hàn, bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́yìn tí ó wọlé, nígbà mìíràn kí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Adìyẹ a dákẹ́, a di ojú, ìgbẹ́ rẹ̀ a dàbí omi ewé tútù, a máa ya ẹnu mí, ìyẹ́ apá rẹ̀ a ro sílẹ̀. Èyí tí kò bá tètè kú, ọrùn rẹ̀ a lọ́ sẹ́yìn. Nínú ọ̀wọ́ tí kò gba àjẹsára, ó lè pa mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, àní gbogbo mẹ́wàá. Kò sí oògùn tí ń wò ó. Ata, eérú àti epo tí a ń pò mọ́ omi kò ní ṣe wọ́n ní ibi púpọ̀, kò sì ní wò wọ́n. Ti kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò tí a ń rà lórí àtẹ burú ju ìyẹn lọ: kò lè pa kòkòrò lùkúlùkú, oògùn náà sì lè ṣẹ́kù sínú ẹran àti ẹyin tí àwọn ọmọ wa yóò jẹ.

Àjẹsára ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè yìí. Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ó bá adìyẹ abúlé mu jù ni irú tí a ń kán sí ojú, ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ojú kan, fún ọmọ àti àgbà bákan náà. Nínú rẹ̀, irú tí ń jẹ́ I-2, tí àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà ṣe nítorí irú abúlé bí tiwa, fara da ooru ọ̀nà ju àwọn yòókù lọ. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣègùn ẹran. Síbẹ̀, inú fúláàsìkì tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbé èyíkéyìí sí, kí oòrùn má sì ṣe rí i. Ẹ kán an ní ìdájí kí adìyẹ tó jáde. Kí ẹni tí ó gbá a mú má ṣe jù ú sílẹ̀ títí yóò fi pajú tí oògùn náà yóò sì tàn. Ẹ lo èyí tí a bá ti pò láàárín wákàtí méjì, kí ẹ sì rì ìyókù mọ́lẹ̀. Adìyẹ tí ó ti ń ṣàìsàn, ẹ má ṣe kán an fún un.

Ó ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó mú, agbára rẹ̀ sì ń rọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Nítorí náà, àárín oṣù kẹwàá ni kí ẹ kán ti àkọ́kọ́, nígbà tí òjò ń lọ sílé. Ẹ kán èkejì ní ìparí oṣù kìíní, àti ẹ̀kẹta ní oṣù karùn-ún.

IṢẸ́ ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìgò àjẹsára kan kì í ṣe ti adìyẹ mẹ́jọ. Ti 50, ti 100, ti 200 ni a sábà ń rí. Ìyá tí ó ní adìyẹ mẹ́jọ kò ní wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí láti ra ìgò tí yóò da púpọ̀ rẹ̀ nù, a kò sì lè bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ilé 20 bá para pọ̀, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní mẹ́jọ, 160 ni gbogbo rẹ̀; ìgò kan tó wọn, ẹnì kan ni yóò wọ mọ́tò, owó tí yóò kan orí adìyẹ kan yóò sì kéré jọjọ. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà fún nìyí. Kí akọ̀wé ka adìyẹ ilé kọ̀ọ̀kan ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kí a gba owó nígbà tí owó ìkórè ṣì wà lọ́wọ́, kí a sì yan ọ̀dọ́ méjì tí oníṣègùn ẹran yóò kọ́ bí a ti ń kán an.

Kí a má ṣe fi àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, títí kan gáà Fúlàní tí ó wà létí ìlú. Orí ààtàn kan náà ni adìyẹ wọn àti tiwa ń jẹ̀, kòkòrò àrùn kì í sì bèèrè ìwé owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ adìyẹ. Inú wa yóò dùn bí gbogbo Ògbòòrò bá lè kán an ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

BÍ IKÚ BÁ WỌLÉ

Bí adìyẹ méjì tàbí mẹ́ta bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má ṣe sáré kó ìyókù lọ sí ọjà. A mọ̀ pé owó dun ni, ẹni tí ó sì ṣe é kì í ṣe ènìyàn burúkú; ṣùgbọ́n ọ̀nà tí abúlé kan ń gbà pa adìyẹ abúlé mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ ti èyí tí ó ṣẹ́kù mọ́lé. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan òkú, kí ẹ gbẹ́ kòtò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ẹ sì rì ín mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ àti ìfun rẹ̀. Ajá a máa hú èyí tí kò bá jìn. Kí ọmọdé má ṣe fọwọ́ kan án. Ẹ ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìṣègùn ẹran ti ìjọba tí ó súnmọ́ yín jù, tàbí sí káńsù ní Àgọ́-Àmọ̀dù, lọ́jọ́ náà gan-an. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé àrùn mìíràn wà tí ó jọ ọ́, èyí ni àrùn fúlúù ẹyẹ, tí a kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2006 ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, nínú ọyẹ́ pẹ̀lú. Ó lè ran ènìyàn, ó sì lè pa á. Àjẹsára lùkúlùkú kò dá a dúró, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Adìyẹ tí ẹ bá rà, tàbí tí ó ti ọjà padà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ilé, kí ẹ máa fún àwọn ti tẹ́lẹ̀ lóúnjẹ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé tí àrùn ti jà, ẹ kó gbogbo ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ jáde kí ẹ sun ún, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ inú rẹ̀, kí ó sì ṣófo fún oṣù kan ó kéré tán.

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá dé, ẹ tú ẹní tí ẹ so sí apá àríwá àti ìlà-oòrùn kúrò, kí ẹ gbé e lọ sí apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn tí òjò yóò ti máa wá. Ilé tí àrùn kò bá jà, ẹ kó èèpo ẹ̀pà àti ìgbẹ́ inú rẹ̀ jọ sí ibì kan kí ó jẹrà fún oṣù méjì, kí ẹ tó kó o lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì tún ka adìyẹ ilé kọ̀ọ̀kan, nítorí ti oṣù karùn-ún.